Iná Pupa Ara Ẹ̀rọ Tíṣà

Mo rántí orúkọ gbogbo wọn. Láràárọ̀, kí n tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, mo máa ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka rẹ́jísítà ọmọ iléèwé, kò sì sí ẹni tó ń dáhùn. Ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn, oṣù tó kọjá ni a sin ín. Ṣùgbọ́n n kò ní í kọ orúkọ kankan sínú ìwé yìí. Nínú iṣẹ́ tí a jọ ṣe, ojú kan ṣoṣo ni a máa ń kọ orúkọ èèyàn sí, ìyẹn bébà tó máa ń bá díísìkì lọ, ẹnì kan kì í sì í dá kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn yòókù fọwọ́ sí i. N kò ní àwọn yòókù tí mo lè bi mọ́.

Aláró ni mí. Kémta ni ilé bàbá wa, Ìtọ̀kú ni mo ti ń ta àdìrẹ kí orúnkún tó kọ̀ fún mi. Ìwé mẹ́rin ni mo kà tí bàbá wa fi kú, tí mo bọ́ sídìí ìkòkò aró ìyá wa. Ẹni tó bá rí i pé ìwé yìí kò gún, kó jọ̀ọ́, kó fi ti ìwé mẹ́rin yẹn ṣe é. Ọkọ mi tètè kú, n kò bímọ fún un. Àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù mí kù. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jù ú lọ, ẹ̀yìn mi ló ti sùn dàgbà. Fọ́ọ̀mù tú ló ti kúrò níléèwé nítorí àìsí ẹni tó máa rán an, ó lọ kọ́ṣẹ́ rédíò títúnṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Lafẹ́nwá, ó kọjú sí ojú irin, tí rélùwéè bá ti ń kọjá, gbogbo rédíò tó tú sílẹ̀ lórí tábìlì á máa gbọ̀n.

Ó tó ọdún mélòó kan kí àwọn ọdún 1980 tó parí tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ìṣirò kan wà níléèwé girama kan nílùú wa, àgbà ọkùnrin, ẹnu rẹ̀ mú ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dára. Ó ti òkè òkun gbé kọ̀ǹpútà kan bọ̀, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó gbé e lọ bá àbúrò mi pé kó bá òun wo wáyà rẹ̀ kan tó já, láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì kò ti lè fi ara wọn sílẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀rọ yẹn, tí ẹ bá tan iná sí i lásán, òkú ni. Ètò kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi díísìkì kì sí i, òun ni yóò jí i, tí yóò sọ fún un pé ojú rẹ nìyí, ọwọ́ rẹ nìyí, ibi tí wàá máa kọ nǹkan pamọ́ sí nìyí. Láìsí ètò náà, kò sí iṣẹ́ kankan tí ẹ̀rọ lè ṣe. Ilé iṣẹ́ tó ṣe irú ẹ̀rọ ti Tíṣà sì ti kógbá sílé. Kò sí ẹni tó máa tún ètò náà ṣe mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn iléèwé àti ọ́fíìsì kéékèèké kan wà káàkiri tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí wọn. Àwọn náà ń fèsì, láti Ìbàdàn, láti Sáríà, láti Jọ́ọ̀sì, ọ̀kan tilẹ̀ ń ti ilẹ̀ Íńdíà wá. Ẹni tó bá rí ibi tí ètò náà ti bàjẹ́, á tún un ṣe, á kọ ohun tó ṣe sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Tíṣà á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, á dà á kọ sórí àwọn díísìkì tuntun, á fi ránṣẹ́ padà sí gbogbo wọn.

Mo bi í nígbà kan pé, “Tíṣà, ẹ ò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn?”

“Ìyá Aláró, tí ẹ bá rí àwòrán lára àdìrẹ ẹlòmíràn lọ́jà, tí ẹ délé tí ẹ ya irú rẹ̀, ta ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ yín?”

“Ẹni tó bá ya tèmi, tó wá yà á dáa jù mí lọ, mo máa ń bá a jà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àwa ò ní í bá a jà. A óò gba tirẹ̀ fi kún tiwa ni.”

Pálọ̀ mi ni wọ́n ń lò, nítorí mo dá wà níbẹ̀, iná wa sì sàn díẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, àwọn mẹ́rin ló máa ń pé: Tíṣà, àbúrò mi, akọ̀wé ìjọba kan láti sẹkitéríàtì tí kì í yéé ṣẹ̀fẹ̀, àti ọmọbìnrin Alhaja kan tó ń taṣọ ní Ìtọ̀kú, tí ìka rẹ̀ ń sáré lórí bọ́tìnnì bí òjò lórí páànù. Tíṣà ló kọ́ ọ ní ìṣirò níléèwé.

Okùn mẹ́ta tí mo máa ń sá aṣọ sí nígbà òjò wà nínú pálọ̀ náà. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Bébà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pósófíìsì dé, orí okùn kìíní ni wọ́n ń fi péègì há a sí. Tí ẹni méjì bá ti kà á, tí kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́, tí àwọn méjèèjì sì buwọ́ lù ú, ó di okùn kejì. Tí wọ́n bá dán an wò tí ẹ̀rọ kò kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ó di okùn kẹta. Ìgbà yẹn ni Tíṣà tó lè gbé agolo bisikíìtì rẹ̀ sílẹ̀. Inú agolo náà ni díísìkì kan wà tí wọ́n ń pè ní ìyá díísìkì, ara òun ni wọ́n ti ń da gbogbo àwọn yòókù kọ. Ohun tí kò bá gba orí okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá kì í wọ inú rẹ̀, ì báà jẹ́ Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Mo rí bébà rẹ̀ kan tó gbé oṣù méjì lórí okùn kìíní nítorí ọmọ Alhaja kọ̀, kò buwọ́ lù ú.

“Kí ni kò yé ọ níbẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀ ni, sà. Ẹ tún un kọ.”

“Èmi? Èmi tí mo kọ́ ọ ní ìlọ́po?”

“Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé n ò gbọdọ̀ buwọ́ lu ohun tí kò yé mi, sà.”

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. “Sà, ẹ wo ọmọ tí ẹ tọ́!” Tíṣà fa bébà náà yọ lára okùn, ó ń kùn, ó lọ tún un kọ.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń dúró. Tíṣà á ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni àwọn máa fi díísìkì ránṣẹ́. Kí ọjọ́ ọ̀hún tó pé, ẹnì kan á ti mú nǹkan tuntun dé, wọn á ní kí wọ́n fi kún un, nǹkan tuntun á ba nǹkan àtijọ́ jẹ́, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó bàjẹ́. Ó tó oṣù mẹ́jọ tí àwọn iléèwé kan ń kọ̀wé pé ṣé kò sí nǹkan kan ni. Lọ́jọ́ kan mo ń po eérú lẹ́yìnkùlé, mo ń gbọ́ ariwo wọn, mo dá sí i láti ojú fèrèsé.

“Ṣé ìkòkò tiyín kì í ní ìdérí ni?”

“Ìkòkò kẹ̀, Ìyá Aláró?” akọ̀wé ní. “Ebi ń pa yín ni?”

“Ìwọ ni ebi ń pa. Tí mo bá ti da ẹ̀lú sómi eérú, mo máa ń bò ó. Ọjọ́ tí mo bá ti bò ó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju ewé kan sí i mọ́. Mo kàn máa ń ṣí i wò ni, bóyá ó ń hó, bóyá òórùn rẹ̀ pé. Ewé kan ṣoṣo tó bá wọ̀ ọ́, mo padà sí ọjọ́ kìíní nìyẹn. Ẹ̀yin, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń ju ewé sí i, ẹ sì ń retí kí aró jinná.”

Tíṣà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bo ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì: ọ̀kan kí òjò tó wọlé, ọ̀kan tí ọyẹ́ bá ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, kò sí nǹkan tuntun. Àbùkù nìkan ni a ń wá. Àbùkù kékeré, wọn á tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àbùkù tó lè jẹ iṣẹ́ èèyàn run, a kì í tún un ṣe ní kánjúkánjú nígbà tí ìkòkò wà ní bíbò. Wọn á yọ odindi apá yẹn kúrò, á di ìgbà tí a bá tún bo ìkòkò mìíràn. Akọ̀wé ló kọ òfin náà, gbogbo wọn buwọ́ lù ú, àbúrò mi náà buwọ́ lù ú.

Akọ̀wé yìí náà ló fi mí jẹ oyè. Ó ní, “Àwa tí a kọ ọ́, a mọ ibi tí kòtò wà, à ń fò ó láìmọ̀. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ló yẹ ká rán lọ ṣáájú.” Gbogbo wọn bá yíjú sí mi.

“Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Ìwé mẹ́rin ni mo kà.”

“Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn, Ìyá wa,” ọmọ Alhaja ní.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń dán ètò wò nìyẹn. Wọn á fún mi ní díísìkì àti bébà ìlànà, màá máa tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Tí mo bá béèrè nǹkan, wọn kò ní í dá mi lóhùn. Ọmọ Alhaja á kàn kọ ìbéèrè mi sílẹ̀, nítorí ìbéèrè mi ni ibi tí bébà ti kùnà. Ìgbà àkọ́kọ́, ó kọ ojú ìwé mẹ́ta. Ohun tí mo máa ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ni àwọn àwòrán àdìrẹ ìyá wa, bí a ṣe ń ya kálukú, irú ẹ̀kọ tó dára láti fi yà á, iye ìgbà tí a ń rì í bọ aró. N kò ní ọmọ tí mo lè kọ́ ọ, mo wá ń sọ ọ́ fún ẹ̀rọ.

Òfin kan wà tó ṣáájú gbogbo òfin. Iná pupa kékeré kan wà lára ẹ̀rọ náà, níbi tí díísìkì ń wọ̀. Tó bá ń tàn, ẹ̀rọ ń kọ nǹkan lọ́wọ́ nìyẹn. Tíṣà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sídìí ẹ̀rọ kó tó sọ ọ́: “Tí iná pupa bá ń tàn, má fọwọ́ kan nǹkan kan. Má pa á. Má yọ ọ́. Ká ọwọ́ rẹ sẹ́yìn títí á fi kú.” Ó ti mọ́ gbogbo wa lára. Èmi gan-an, tí mo bá rí iná pupa níbikíbi, ọwọ́ mi á kúrò lórí ohun tí mo dì mú.

Nínú àwọn orúkọ tó máa ń wà lórí bébà tó ń bá díísìkì lọ, ti àbúrò mi kò sí níbẹ̀. Wáyà ló ń tún ṣe, orúkọ ẹni tó bá kọ apá kan nínú ètò nìkan ló ń wọ bébà. Ó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò. Ó kọ́ ọ lọ́wọ́ Tíṣà, ó kọ́ ọ lọ́wọ́ ọmọ Alhaja tí ó tó ọmọ bí fún un, kò tijú.

“Àǹtí mi,” ó wí fún mi, “àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí, wọn kì í mú iná nílùú wọn. Wọ́n rò pé ẹni tó bá fẹ́ pa ẹ̀rọ ló ń pa á.”

Apá tirẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ máa fúnra rẹ̀ kọ ohun tí èèyàn ń ṣe pamọ́ ní gbogbo ìgbà díẹ̀ díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan pàṣẹ fún un, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá mú iná lójijì, èèyàn kò ní í pàdánù ju ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tó fi ṣe é. Ó ń rù, mo rò pé iṣẹ́ ni. Ó máa ń fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó bá fẹ́ dìde, n kò bi í.

Bébà rẹ̀ gba orí okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bo ìkòkò. Tíṣà tẹ bébà orúkọ sílẹ̀, àbúrò mi sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó kà á. Ó dúró lójú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń ya aṣọ, ó ka orúkọ rẹ̀ sí mi létí, orúkọ tirẹ̀ àti orúkọ bàbá wa. Ó tún un kà.

“Àǹtí, orúkọ bàbá wa ń lọ sí Íńdíà.”

“Kó gbéra,” mo ní. “Òun tí kò dé Papalántó rí.”

A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fi gbẹ mọ́ ìyẹ́ adìyẹ tí mo fi ń yàwòrán.

Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣí ìkòkò, èmi nìkan ló wà nílé, mo ń dán ètò wò ní ọ̀sán. Mo ti tẹ̀ dé àwòrán kẹrin, iná pupa tàn pé ẹ̀rọ ń kọ ọ́ pamọ́, mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú iná. Fáànù dúró. Wákàtí kan kọjá kí iná tó dé. Mo tẹ̀ lé bébà ìlànà, mo jí ẹ̀rọ, mo ní kó kó ìwé mi wá. Kò sí. Kì í ṣe ti ọjọ́ náà nìkan. Gbogbo ohun tí mo ti kọ sórí díísìkì yẹn láti ọdún tó kọjá, gbogbo àwòrán ìyá wa, kò sí ọ̀kan. Ó ń sọ fún mi pé díísìkì náà ṣófo.

Àbúrò mi dé ní ìrọ̀lẹ́. Mo fi hàn án. Ó tẹ bọ́tìnnì mélòó kan kó tó béèrè.

“Ṣé iná pupa ń tàn nígbà tí wọ́n mú iná?”

“Ó ń tàn.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Àìmọye ìgbà ni mo fọwọ́ mi pa á ní súwíìṣì láti dán an wò, Àǹtí. Kò bàjẹ́ rí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ pa á, ọwọ́ mi máa ń dúró de iná pupa? N kò mọ̀ pé ó ń dúró. Mo ń dán an wò bí ọmọlúwàbí.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dùn. “Àwọn tó ń mú iná kò kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Tíṣà.”

Ó ṣàlàyé fún mi pé tí iná bá lọ láàárín kíkọ, bí ẹni fa ìwé ya lójú ibi tí àkójọ gbogbo rẹ̀ wà ni. Ẹ̀rọ kò ní í rí ọ̀nà dé ibi kankan mọ́.

“Á ṣeé tún ṣe?”

“Á ṣeé ṣe. Kì í ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta.” Ó gbójú sókè. “Ẹ má tíì sọ fún wọn. Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ó lè má tún ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá sọ ọ́, wọn á yọ ọ́, ó di ìgbà ọyẹ́.”

“Ìgbà ọyẹ́ kò jìnnà.”

“Ó jìnnà sí mi.”

N kò bi í léèrè ohun tó túmọ̀ sí. Mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ náà ìdí tí n kò fi bi í. Mo rò pé ojú ló ń kán an ni. Mo dìde, mo lọ wo ìkòkò mi.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ọmọ Alhaja ṣí ìwé rẹ̀, ó gbé bíró. “Ìyá wa, kí lẹ rí?”

Mo wo àbúrò mi. Kò wò mí, okùn kẹta ló ń wò. Mo ronú nípa iléèwé kan ní Jọ́ọ̀sì tí mo mọ̀ nínú lẹ́tà, tí olùkọ́ ibẹ̀ ń kọ ìṣirò ọmọ ọgọ́ta sórí díísìkì kan ṣoṣo nítorí òun nìkan ló ní. Mo ronú nípa àwòrán ìyá mi. Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan iná pupa.

Tíṣà ní, “Ọ̀gá Onírédíò, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?”

“Bó ṣe rí nìyẹn, sà.”

“Ẹ̀yin ará, òfin wa ńkọ́? Ẹni tó bá gbà kí a yọ ọ́, kó nawọ́.”

Tíṣà nawọ́. Akọ̀wé nawọ́, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀, kò ní àwàdà kankan lẹ́nu. Ọmọ Alhaja nawọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo wa dúró. Àbúrò mi wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan, ó wá gbé e sókè bí ẹni ń gbé ẹrù.

Tíṣà mú bíró, ó fa ilà kan gba orí orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá wa lórí bébà tó ti tẹ̀. Ó fà á díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú rúlà. Àbúrò mi dìde, ó yọ bébà rẹ̀ lórí okùn kẹta, ó lọ fi péègì há a sórí okùn kìíní fúnra rẹ̀.

Kò bá mi jà. Ó sàn kó bá mi jà. Ó ń kí mi, “Ẹ káàárọ̀, Àǹtí,” “Ẹ kúùṣẹ́, Àǹtí,” ó ń jẹun mi, ó sì ń lọ. Kò dúró lójú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé mọ́. Mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ Alhaja pé ó ń bá iṣẹ́ náà lọ ní ṣọ́ọ̀bù, inú ìwé àjákọ kan ló ń kọ ọ́ sí. Nígbà tí òjò pọ̀ jù, wọ́n gbé e láti Lafẹ́nwá lọ sí ọsibítù. Dókítà tó bá mi sọ̀rọ̀ rò pé mo ti mọ̀. Ó ní àìsàn ẹ̀dọ̀ ni, ó ti tó ọdún kan tí àwọn ti sọ fún un.

Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kò pọ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá ó ní, “Ṣé bébà mi ṣì wà lórí okùn?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Okùn wo?”

N kò lè parọ́ fún un. “Okùn kìíní.”

“Kí wọ́n kà á dáadáa,” ó ní. “Kí wọ́n má tìtorí mi sáré buwọ́ lù ú.”

Ọyẹ́ kò tíì dé nígbà tí a sin ín.

Ọmọ Alhaja gba ìwé àjákọ náà. Òun àti ọkùnrin kan ní Sáríà, tí wọn kò ríra wọn rí, ń fi lẹ́tà tì í síwá sẹ́yìn. Ohun tí àbúrò mi ti kọ sílẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ máa kọ nǹkan sí ojú méjì, kó má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́ títí ti èkejì yóò fi parí. Ìgbàkígbà tí iná bá lọ, ọ̀kan á ṣì wà ní odindi. Ìdajì ló ṣe. Àwọn ló parí rẹ̀. Ó lọ lórí okùn kìíní, wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, ó di okùn kejì, ó di okùn kẹta. Kò sẹ́ni tó tìtorí rẹ̀ sáré. Wọ́n bo ìkòkò.

Wọ́n wá gbé e fún mi kí n dán an wò. Bébà ìlànà jẹ́ ìlà kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà: kí n tẹ ohunkóhun tó bá wù mí, kí n dúró, tí iná pupa bá tàn, kí n pa súwíìṣì ara ògiri.

Mo tẹ ọ̀rọ̀ mi. Iná pupa tàn. Ọwọ́ mi wà lórí súwíìṣì, ó kọ̀, kò lọ. Iná pupa kú. Mo dúró dè é. Ó tún tàn. Ọwọ́ mi tún kọ̀. Mo yíjú sí wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn kò lè sọ̀rọ̀, òfin ni. Àyè ẹnì kan ṣófo láàárín wọn, kò sẹ́ni tó sún sí i. Ìgbà kẹta tí iná pupa tàn, mo di ojú mi, mo pa á.

Mo tan án padà. Mo jí ẹ̀rọ. Mo ní kó kó ìwé mi wá.

Ohun tí mo tẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ àbúrò mi ni, àti ti bàbá wa.

“Kọ ọ́ sílẹ̀,” mo wí fún ọmọ Alhaja, nítorí kò kọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí. “Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà níbẹ̀.” Mo tún pa á. Ó tún wà níbẹ̀. Mo ń pa á, mo ń tan án, títí Tíṣà fi rú òfin, tó ní, “Ìyá Aláró, ó tó.”

Orúkọ rẹ̀ lọ pẹ̀lú díísìkì. Akọ̀wé béèrè bóyá kí wọ́n fi àmì kan sí i pé ó ti kú. Tíṣà ní rárá, iṣẹ́ rẹ̀ wà láàyè nínú ìkòkò. Lẹ́tà dé láti Jọ́ọ̀sì lẹ́yìn náà pé wọ́n mú iná mọ́ àwọn lórí nígbà ìdánwò, wọn kò pàdánù ìwé ọmọ kan. Wọ́n ní kí a bá àwọn kí ẹni tó ṣe apá yẹn.

Àwọn ẹ̀rọ tó dára jù ú dé, kò sẹ́ni tó nílò ètò wa mọ́. Wọ́n gbé akọ̀wé lọ sí ìlú mìíràn, ibẹ̀ ló kú sí. Tíṣà lọ. Ọmọ Alhaja ló ń wá wò mí títí di ọdún yìí, ó ti di Alhaja fúnra rẹ̀, á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, á ní, “Ìyá wa, kí lẹ rí?” Òun náà ló lọ ní oṣù tó kọjá. Mo rò pé èmi ló yẹ kó sin.

Bébà orúkọ méjèèjì wà lọ́wọ́ mi, èyí tí wọ́n fa ilà sí àti èyí tí wọn kò fa ilà sí. Tó bá ṣe pé mo dákẹ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ojú àbúrò mi ì bá ti rí èkejì. Ìwé olùkọ́ Jọ́ọ̀sì ì bá sì ti run. Mo ti gbé méjèèjì wò láti ọjọ́ yẹn, n kò tíì rí ibi tí mo lè gbé e sí.

Okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nínú pálọ̀, n kì í sá aṣọ sí wọn. Tí mo bá parí ìwé yìí, màá fi péègì há a sórí okùn kìíní. Ó ku ẹni méjì tí yóò kà á, tí kì í ṣe èmi.